Ọtí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Láléyẹ ọmọ Kétu ló gbé e wá láti Kútọnu,
ó fi ìwé ìròyìn wé e láti ọrùn dé ìdí bí ọmọ tuntun.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wò ó bí ọtí ọlọ́lá o.
Kọ́ọ̀tì-dù-Róònù ni wọ́n ń pè é.
Ní ìlú Faransé tí wọ́n ti ń pọn ọ́n,
alágbàṣe ń mu ún, awakọ̀ ń mu ún,
bàbá tó ń tún bàtà ṣe ń mu ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán,
láìsí ìyàwó tuntun nílé, láìsí òkú àgbà nílẹ̀."

Àjàrà!
Ogójì ọdún ni mo fi di ìwé ní Òkè-Bọ́là,
gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
Bíbélì tí mo tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán kò níye.
Mo mọ ibi tí Nóà ti gbin àjàrà, tó mu ún yó, tó tú sí ìhòòhò.
Mi ò rí igi rẹ̀ lọ́gbà ẹnikẹ́ni rí.

Ìjà ni ìpàdé wa àkọ́kọ́.
Mo fi ọbẹ̀ ata rodo ṣíwájú, mo fi ọtí tẹ̀ lé e.
Ata gbá a mú lọ́nà ọ̀fun, òun náà kò gbà,
ahọ́n mi di pápá ọ̀gbẹlẹ̀ tí ọmọdé ṣáná sí.
Ó gbẹ mí lẹ́nu bí ẹni jẹ obì tí kò rí omi mu.
Mo ní, "Láléyẹ, ọ̀rẹ́ rẹ rorò."
Ó ní, "Ẹni tí ẹ fi àga rẹ̀ ti àga oníjà,
ṣé ohùn jẹ́jẹ́ lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?"

Ooru wà níbẹ̀ náà. Oṣù Ẹrẹ́nà, iná ọba ti lọ láti àná,
ìgò lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí tábìlì bí ẹ̀kọ mímu.
Mo rì í dé ọrùn sínú àmù ìyá mi
fún wákàtí kan.
Mo ra wàrà lọ́wọ́ ọmọbìnrin Fúlàní kan ní Àkínyẹlé,
mo dín in, iyọ̀ nìkan ni mo fi sí i.

Háà.
Ìyeyè tó já bọ́ lẹ́yìn òjò ni mo gbóòórùn,
àti iyèré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, láti yàrá kejì.

Mo wá fi àjákù bébà rán ìwé kékeré kan fún un.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé:
Olú ọ̀gán tí a yan: mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.
Mọ́ínmọ́ín: wọ́n kí ara wọn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀.
Dòdò tó pọ́n jù: ọtí kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.
Pańlá: adùn irin. Má tún dán an wò.
Ìrù: ẹ bi ẹlòmíràn.

Ìyá Fẹ̀hìntọlá kò fẹnu kàn án.
Ìyá Ìjọ ni. Ní tirẹ̀, wáìnì ò ju ìfà kan lọ
níwájú pẹpẹ, kí a nu ẹnu, kí a padà síjòókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé,
òórùn kan wá pàdé mi lẹ́nu géètì.
Ìgò mi, tó ku ààbọ̀ láàárọ̀,
ti di fífọ̀, ó dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.
Awó méjì wà nínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ẹfinrin,
omi ọbẹ̀ náà dúdú, ó ń dán bí awọ ìwé tuntun.
"Mi ò mu ún o," ló wí. "Mo sè é ni."

A jẹun. Ó fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo rẹ̀,
ó tún nu tèmi.
Kò gbé ojú sókè nígbà tó béèrè pé,
"Láléyẹ yìí, ìgbà wo ló tún ń lọ sí Kútọnu?"